Ẹ̀kọ́ Ìwé Kíkà àti Àròkọ ní Èdè Gẹ̀ẹ́sì nínú Àwọn Ilé-Ẹ̀kọ́ Gírámà Ilẹ̀ Yorùbá, láti Ọdún 1859

Ní ọdún 1859, ohun méjì ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ wa, tí àwọn tí ó dá wọn sílẹ̀ kò lè mọ̀ bí wọn yóò ti tàn kálẹ̀ tó. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù Òkúdù, Àlùfáà Thomas Babington Macaulay ṣí ilé-ẹ̀kọ́ Gírámà ti C.M.S. ní Èkó, pẹ̀lú ọmọdékùnrin mẹ́fà péré. Ní ọjọ́ kẹta oṣù Ọ̀pẹ ọdún kan náà, Àlùfáà Henry Townsend tẹ ìwé ìròhìn àkọ́kọ́ jáde ní Abẹ́òkúta, ní èdè Yorùbá, fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá. Oṣù mẹ́fà ni ó wà láàrin méjèèjì. Ní Èkó, a kó ọmọ Yorùbá jọ láti fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kàwé, kí ó sì fi í kọ̀wé. Ní Abẹ́òkúta, a fi ìwé tí èdè ìyá rẹ̀ wà nínú rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Ẹgbẹ́ kan náà ni ó rán Macaulay àti Townsend níṣẹ́, Ìhìnrere kan náà ni àwọn méjèèjì sì ń wàásù.

Ọ̀nà ti Èkó ni a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ nínú ìwé yìí: bí a ti ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìwé ìtàn, ewì àti àròkọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, àti ohun tí ẹ̀kọ́ náà fi fún wa àti ohun tí ó gbà lọ́wọ́ wa. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ó ń ka ìwé wa jẹ́ olùkọ́, ẹ sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ náà lójoojúmọ́. Ó tọ́ kí ẹ mọ ibi tí ó ti ṣẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n a kò lè sọ̀rọ̀ ọ̀nà ti Èkó láìmáa yẹjú wo ọ̀nà ti Abẹ́òkúta, nítorí pé àwọn tí ó rìn jìnnà jù lọ lórí ọ̀kan ni a sábà máa ń bá lórí èkejì pẹ̀lú.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí orúkọ Macaulay yìí. Ọmọ Sàró ni àlùfáà wa, ọmọ Yorùbá sì ni àwọn òbí rẹ̀, lára àwọn tí a gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú. Orúkọ tí ó ń jẹ́ jẹ́ orúkọ ọ̀mọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì kan, Thomas Babington Macaulay, ẹni tí baba rẹ̀, Zachary Macaulay, ti jẹ gómìnà Sàró rí kí ọ̀rúndún kejìdínlógún tó parí, tí ó sì wà nínú àwọn tí ó jà fitafita títí òwò ẹrú fi di èèwọ̀. Macaulay ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó kọ ìwé ìmọ̀ràn kan sí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Íńdíà ní ọdún 1835, pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni kí a fi kọ́ àwọn ọmọ ilẹ̀ náà, kí a lè rí àwọn kan nínú wọn tí yóò ṣe ògbufọ̀ láàrin ìjọba àti àwọn ará ìlú. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rìnlélógún, ẹlòmíràn tí ó ń jẹ́ orúkọ náà gan-an ṣí ilé-ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má ṣe da àwọn méjèèjì pọ̀. Macaulay ti Èkó kì í ṣe aṣojú ìjọba. Àna Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ni, ó kàwé ní Fourah Bay ní Sàró àti ní Islington ní London, ó sì wá láti tọ́ ọmọ àwọn ènìyàn tirẹ̀. Ogbufọ̀ ni òun náà fẹ́, ṣùgbọ́n ogbufọ̀ fún ìjọ àti fún òwò, kì í ṣe fún ààfin gómìnà nìkan.

Àwọn ẹ̀kọ́ tí ó là sílẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀ ni èdè Gẹ̀ẹ́sì, Látìnì, Gíríìkì, ẹ̀kọ́ ìrònú, ìṣirò, ìwọn ilẹ̀ àti àwòrán rẹ̀, ìmọ̀ nípa ayé, ìtàn, àti Ìwé Mímọ́. Ẹ kíyèsí i pé ní ìgbà tí èdè Gẹ̀ẹ́sì ti wà lórí àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ ní Èkó, Yunifásítì Oxford fúnra rẹ̀ kò tíì ní ẹ̀ka tí a ti ń gba oyè nínú ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì: ọdún 1894 ni wọ́n dá a sílẹ̀ níbẹ̀, ọdún 1917 sì ni ti Cambridge. Èyí kì í ṣe ohun ìyangàn fún wa. Ó kàn ń ṣàlàyé ohun kan tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ ń bi ara wọn léèrè. Látìnì àti Gíríìkì ni a kà sí ìwé gidi ní ayé ìgbà náà. Nítorí náà, nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì, bí a ti ń kọ́ni ní Látìnì ni a ṣe kọ́ ọ. A fọ́ gbólóhùn sí wẹ́wẹ́, a fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní orúkọ àti ipò rẹ̀, a sì ń ṣe èyí sí èdè tí àwọn alààyè ń sọ lójú pópó bí ẹni pé àwọn tí ó ni ín ti kú láti ọjọ́ pípẹ́.

Ohun mìíràn tí ó kún inú ẹ̀kọ́ náà ni àkọ́sórí. Àwọn ìwé kíkà tí a ń pè ní Royal Readers, èyí tí àwọn ará Nelson ń tẹ̀, ni ó gba gbogbo ìwọ̀-oòrùn Áfríkà kan, ewì sì pọ̀ nínú wọn. Ọmọ tí kò rí yìnyín rí àfi èyí tí ó bá bá òjò rọ̀ yóò dìde dúró ní ìlà rẹ̀, yóò sì ka ewì nípa ìgbà òtútù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láìṣìnà ọ̀rọ̀ kan. Àwọn ọ̀mọ̀ràn òde òní máa ń fi èyí ṣe ẹlẹ́yà. A kò bá wọn rẹ́rìn-ín púpọ̀. Nítorí pé àwọn baba wa kò ka àkọ́sórí sí ohun àjèjì: ọmọ awo ń kọ́ ẹsẹ Ifá sórí fún ọdún púpọ̀, ìyàwó ilé ń kọ́ oríkì àwọn ọmọ ilé ọkọ rẹ̀, ọmọ ìjọ sì ń kọ́ Kátíkísìmù àti orin. Ọmọ tí ó ti fi Sáàmù ní Yorùbá kọ́ etí rẹ̀ ní ọjọ́ Ìsinmi kò ṣàì ní ohun tí yóò fi gbọ́ ìró ewì Gẹ̀ẹ́sì ní ọjọ́ Ajé. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó di ọ̀jáfáfá nínú Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn náà, etí ni wọ́n kọ́kọ́ fi gbà á, kì í ṣe ojú.

Ibi tí ìyàtọ̀ wà ni èyí. Ẹni tí ó ń sun rárà ní agbo kò dúró sórí ohun tí a kọ́ ọ nìkan. Bí ó bá rí ẹni tí ó wọlé, yóò fi í kún un. Bí ó bá rántí ìjà tí baba ẹni náà jà, yóò mú un wọlé. Àwọn tí ó gbọ́ yóò sì mọ̀ ọ́n sí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Nínú kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ tí ó bá yí ọ̀rọ̀ kan padà, pàṣán ni yóò fi gba èrè. Ìrántí ni a fún ní oúnjẹ, a kò sì fún ìdá-ohun-sílẹ̀ ní nǹkan kan jẹ.

Àwọn ilé-ìwé mìíràn tẹ̀lé ti Macaulay. C.M.S. ṣí ilé-ìwé àwọn ọmọbìnrin ní Èkó ní 1869, èyí tí ó ti di St. Anne's ní Ìbàdàn lónìí. Àwọn Wesleyan ṣí ti ọmọkùnrin ní 1878 àti ti ọmọbìnrin ní 1879. Macaulay kú ní 1878, Isaac Olúwọlé sì di ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ Gírámà láti 1879 títí di 1893, nígbà tí a yà á sí mímọ́ fún iṣẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù. Ní àkókò yìí ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí fi ọwọ́ sí ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́. Òfin ọdún 1882 ka àwọn ẹ̀kọ́ tí ìjọba yóò tìtorí wọn fún ilé-ìwé ní owó ìrànlọ́wọ́: kíkà, kíkọ, èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, àti abẹ́rẹ́ fún àwọn ọmọbìnrin. Yorùbá kò sí níbẹ̀. Òfin náà kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má kọ́ni ní Yorùbá. Ó kàn fi owó sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ̀yin olùkọ́ mọ̀ pé ibi tí owó bá wà ni aago ilé-ìwé ń lù sí.

Kì í ṣe pé àwọn ènìyàn dákẹ́. Ní 1886, Àlùfáà E. M. Líjàdù kó àwọn orin Àríbilóṣòó, akéwì Ẹ̀gbá, jọ sínú ìwé kékeré kan, ní 1898 ó sì tẹ ìwé lórí Ifá. Àlùfáà Samuel Johnson ti Ọ̀yọ́ parí ìwé ìtàn ńlá rẹ̀ ní 1897, ó sì kédàárò níbẹ̀ pé àwọn ọ̀mọ̀wé wa mọ ìtàn Róòmù àti ti Gẹ̀ẹ́sì ju ti ilẹ̀ baba wọn lọ. Ìwé àkọ́kọ́ náà sọnù lọ́wọ́ àwọn tí ó yẹ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́, Johnson sì kú ní 1901. Arákùnrin rẹ̀, Dókítà Ọbadáyà Johnson, ni ó tún un tò kí ó tó jáde ní 1921. Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ ọ́. Èyí ti ya àwọn kan lẹ́nu, pé ẹni tí ó ń ké nítorí Yorùbá fi èdè ẹlòmíràn ké. Kò yà wá lẹ́nu. Àwọn tí ó fẹ́ kí ó gbọ́ igbe náà ni àwọn tí ilé-ẹ̀kọ́ Gírámà ti kọ́, inú Gẹ̀ẹ́sì sì ni ó ti lè bá wọn.

Nígbà tí ó di ọ̀rúndún ogún, ìdánwò Cambridge ni ó wá jókòó sí àárín ọ̀rọ̀ náà. Ní òkè òkun ni a ti ń yan ìwé tí a óò kà, níbẹ̀ ni a ti ń kọ ìbéèrè, ibẹ̀ náà ni a sì ti ń kà á. Eré onítàn Shakespeare kan, ewì díẹ̀, ìtàn àròsọ kan: àwọn wọ̀nyí ni ọmọ yóò máa kà fún ọdún kan tàbí méjì, títí ìwé náà yóò fi gbó. Èyí tí ó mú ẹ̀rù wá jù ni pé fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹni tí ó bá ṣubú nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì kì yóò gba ìwé ẹ̀rí kankan, bí ó tilẹ̀ yege nínú gbogbo ìyókù. Àròkọ wá di odò tí ọmọ gbọ́dọ̀ wọ́ kọjá láìrì. Ọmọ tí ó gbọ́n kì í kọ ohun tí ó rí. Ohun tí kò lè ṣìnà nínú rẹ̀ ni yóò kọ. Olùkọ́ a fi yíǹkì pupa sàmì sí ibi tí ọ̀rọ̀-ìṣe kò ti bá olùwà mu, a ka àṣìṣe, a sì kọ iye rẹ̀ sísàlẹ̀. Bí ọmọ náà bá ti sọ ohun kan tí ó jẹ́ òtítọ́ nípa ilé baba rẹ̀, kò sí àyè fún un láti mọ̀ pé ẹnikẹ́ni gbọ́ ọ.

Ní àkókò kan náà, ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé, a ń fi owó ìtanràn tàbí pátákó àlékọ́rùn jẹ ọmọ tí a bá gbọ́ Yorùbá lẹ́nu rẹ̀ níyà. Àwọn tí ó ṣe òfin náà rò pé ẹnu kan kò lè gba èdè méjì. Ìtàn ilẹ̀ wa kò gbè wọ́n lẹ́sẹ̀. Ẹ wo ilé Akínyẹlé ní Ìbàdàn. Alexander Babátúndé Akínyẹlé ni ọ̀gá àkọ́kọ́ ní Ibadan Grammar School nígbà tí a ṣí i ní 1913, ẹni tí ó gba oyè ní Fourah Bay, tí ó sì wá di Bíṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ ti Ìbàdàn ní 1952. Ọdún méjì ṣáájú kí a tó ṣí ilé-ìwé náà, ní 1911, ni Isaac Babalọlá Akínyẹlé, arákùnrin rẹ̀, tẹ Ìwé Ìtàn Ìbàdàn ní èdè Yorùbá, òun ni ó sì jẹ Olúbàdàn lẹ́yìn náà. Láti inú ilé Kristẹni kan ṣoṣo ni a ti rí olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì àti òpìtàn Yorùbá, èkínní kò sì pa èkejì lẹ́nu mọ́.

A dé orí Fágúnwà. D. O. Fágúnwà jáde ní St. Andrew's College ní Ọ̀yọ́ ní 1929, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tí C.M.S. dá sílẹ̀ ní 1896. Olùkọ́ ọmọdé ni ó jẹ́ níbẹ̀ fún ọdún mélòó kan. Ní 1936, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ti ìjọba pe ìdíje ìwé kíkọ, Fágúnwà sì kọ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, èyí tí ilé ìwé C.M.S. tẹ̀ jáde ní 1938. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ka ìwé Bunyan nípa ìrìn-àjò èrò mímọ́, èyí tí Àlùfáà David Hinderer ti túmọ̀ sí Yorùbá fún ìjọ, yóò mọ̀ pé Fágúnwà ti kà á. Ẹni tí ó bá sì ti jókòó gbọ́ àlọ́ ní òṣùpá yóò mọ̀ pé ó ti gbọ́ àlọ́. Ohun tí a fẹ́ kí olùkọ́ kíyèsí ni pé ẹ̀kọ́ ìwé kíkà tí Fágúnwà gbà kò jẹ́ kí ó máa ṣe àdàkọ. Ó rí i bí ẹlòmíràn ti kó ìrìn-àjò àti ìwàásù pọ̀ sí ojú kan, ó sì lọ ṣe tirẹ̀ nínú igbó tirẹ̀.

Ní Abẹ́òkúta, Àlùfáà I. O. Ransome-Kútì ni ó ń ṣe ọ̀gá Abẹ́òkúta Grammar School láti 1932 títí di 1954. Àwọn olùkọ́ kò gbọdọ̀ gbàgbé rẹ̀, nítorí òun ni ààrẹ àkọ́kọ́ ti ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ Nàìjíríà, èyí tí a dá sílẹ̀ ní 1931. Baba rẹ̀, Kánọ́nì J. J. Ransome-Kútì, ni ó kọ orin Yorùbá sínú àwo ní London ní 1922. Ní ilé-ìwé yìí ni Wọlé Ṣóyínká, ọmọ ọ̀gá ilé-ìwé St. Peter's ní Aké, ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ gíga kí ó tó lọ sí Government College ní Ìbàdàn ní 1946. Ilé-ìwé ti Ìbàdàn yìí, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1929, ni T. M. Àlùkò àti Cyprian Ekwensi náà ti kàwé, Fẹ́mi Ọ̀ṣọ́fisan sì kàwé níbẹ̀ lẹ́yìn wọn.

Kí ni ó mú kí àwọn ilé-ìwé díẹ̀ bí òǹkọ̀wé púpọ̀, tí ọ̀pọ̀ mìíràn kò bí ẹyọ kan? Àwọn kan ní owó ni. Owó wà nínú rẹ̀ lóòótọ́. Ibi tí ilé ìkàwé bá wà ni ọmọ ti lè kàwé. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a lọ wo ilé-ìwé kan tí kò sí ní ilẹ̀ wa, Government College ní Umuahia, ní ilẹ̀ Ìgbò, tí Àlùfáà Robert Fisher dá sílẹ̀ ní 1929 kan náà. Nígbà tí William Simpson di ọ̀gá níbẹ̀ ní 1944, ó ṣe òfin kan tí yóò dà bí ìṣìnà lójú ọ̀pọ̀ òbí: ní ọjọ́ mẹ́ta láàrin ọ̀sẹ̀, lẹ́yìn tí kíláàsì bá ti parí ní ọ̀sán, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí ìwé ẹ̀kọ́ títí wákàtí kan pàtó yóò fi kọjá. Ọmọ lè ka ìtàn àròsọ, ó lè kọ lẹ́tà, ó lè ṣeré. Ìwé ìdánwò nìkan ni ó di èèwọ̀. Chinua Achebe wà nínú àwọn tí ó kàwé lábẹ́ òfin náà, Christopher Okigbo, Elechi Amadi àti Chukwuemeka Ike náà sì kàwé níbẹ̀. Achebe fúnra rẹ̀ jẹ́rìí sí i ní ọjọ́ alẹ́ rẹ̀ pé òfin náà ràn án lọ́wọ́. Simpson kò kọ́ wọn bí a ti ń kọ ìtàn. Ó kàn gba ìdánwò kúrò lójú wọn fún wákàtí díẹ̀.

Okigbo yìí wá sí ilẹ̀ wa. Láti 1958 sí 1960, ó ń kọ́ni ní Fìdítì Grammar School, ní ọ̀nà Ọ̀yọ́, ibẹ̀ sì ni ó wà nígbà tí ó fi ara jìn fún ewì. Ẹni tí yóò di ọ̀kan nínú àwọn akéwì tí ó ga jù lọ ní Áfríkà ń ṣàlàyé Látìnì àti Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn ọmọ àgbẹ̀ ní ìlú kékeré kan. Àwọn ọmọ náà lè má tilẹ̀ mọ ẹni tí ó dúró níwájú wọn. Ogun abẹ́lé gba ẹ̀mí rẹ̀ ní 1967.

Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ mọ ohun tí kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì ti sọ wá dà, ọ̀rọ̀ Amos Tutùọlá ni kí a gbé yẹ̀ wò. Ọmọ Abẹ́òkúta ni, ilé-ìwé kékeré ni ó lọ, kò dé Gírámà rárá. Ní 1952, ilé ìtẹ̀wé Faber ní London tẹ ìwé rẹ̀ nípa ọ̀mu ẹmu jáde. Inú àwọn òǹkàwé Òyìnbó dùn. Dylan Thomas, akéwì ará Wales, yìn ín nínú ìwé ìròhìn. Níhà tiwa, ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé gbaná jẹ. Wọ́n kọ̀wé sí ìwé ìròhìn West Africa pé Gẹ̀ẹ́sì ọkùnrin yìí kò dára, pé ó ń dójú ti wa lójú ayé. A lè mọ ibi tí ìbínú náà ti wá. Àwọn wọ̀nyí ti jẹ pàṣán, wọ́n ti san ìtanràn, wọ́n ti wọ́ odò Cambridge kọjá. Wàyí o, ẹnìkan tí kò wọ odò náà rárá ti dúró ní èbúté kejì, a sì ń pàtẹ́wọ́ fún un. Lójú tiwa, wọ́n ṣì í ṣe. Gbólóhùn Tutùọlá a máa rìn bí gbólóhùn Yorùbá, inú àlọ́ sì ni ó ti ń mú ìtàn rẹ̀ wá, bí Fágúnwà ti ṣe. Àṣìṣe tí wọ́n ń kà kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀. Síbẹ̀ a kò ní gba olùkọ́ nímọ̀ràn kí ó sọ fún ọmọ kíláàsì kẹta pé kí ó máa kọ bí Tutùọlá: ẹni kan ṣoṣo ni Tutùọlá, ìdánwò sì ń bọ̀.

Láti ìgbà náà ni nǹkan ti bẹ̀rẹ̀ sí yí padà. Ìgbìmọ̀ ìdánwò ìwọ̀-oòrùn Áfríkà tí a ń pè ní WAEC bẹ̀rẹ̀ ní 1952. Ìwé Achebe tí ó sọ nípa Okonkwo jáde ní 1958, ní 1962 sì ni ilé ìtẹ̀wé Heinemann bẹ̀rẹ̀ ọ̀wọ́ ìwé àwọn òǹkọ̀wé Áfríkà. Díẹ̀díẹ̀, àwọn ìwé wọ̀nyí wọ inú àwọn tí a ń yàn fún ìdánwò. Ní Nairobi, ní 1968, Ngugi wa Thiong'o àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì béèrè pé kí a mú ẹ̀ka Gẹ̀ẹ́sì kúrò ní yunifásítì wọn, kí a sì fi ìwé Áfríkà sí àárín. Ọ̀rọ̀ náà kò le tó bẹ́ẹ̀ níhà tiwa. A kì í sábà wó ilé nítorí pé a fẹ́ ṣí fèrèsé. Ohun kan tí a ṣe ní ilẹ̀ wa ní ìgbà náà tọ́ sí ìyìn ju bí a ti ń yìn ín lọ. Ní 1970, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá ti Ilé-Ifẹ̀, a mú àwọn ọmọ ilé-ìwé St. Stephen's ní Ilé-Ifẹ̀, a sì fi Yorùbá kọ́ wọn ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí a sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀ lọ́wọ́ olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n dáradára. Nígbà tí a dán wọn wò, wọn kò gbẹ́yìn àwọn ẹgbẹ́ wọn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí ilé Akínyẹlé ti fi hàn láìsọ̀rọ̀ ni àwọn ọmọ wọ̀nyí fi ìdánwò jẹ́rìí sí.

Kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì òde òní ńkọ́? Ìwé kíkà àti èdè ti di ẹ̀kọ́ méjì nínú ìdánwò WAEC. Gbogbo ọmọ ni ó ń ṣe èdè. Àwọn tí ó bá yàn án nìkan ni ó ń ṣe ìwé kíkà, nínú èyí tí ìtàn àròsọ, eré onítàn àti ewì Áfríkà ti jókòó ní ẹ̀gbẹ́ ti ilẹ̀ mìíràn. Ọ̀pọ̀ ọmọ ń parí ilé-ìwé láìka ìwé ìtàn kan tán láti òpin dé òpin. Àwọn tí ó yàn án pàápàá, ìwé àkékúrú tí ó sọ ohun tí ó wà nínú ìwé ni wọ́n ń rà, tí wọ́n ń kọ́ sórí. Pàṣán ti dínkù. Àkọ́sórí kò kúrò nílẹ̀, kìkì pé ewì tí ó ní ìró dídùn ni àwọn baba wa kọ́ sórí, àlàyé lásán ni tiwọn. A kò lè sọ pé èyí jẹ́ ìlọsíwájú.

Nínú àròkọ, a ní kí ọmọ kọ ohun tí kò dín ní 450 ọ̀rọ̀. Lára àwọn ìbéèrè tí a máa ń fún un láti yàn, ọ̀kan wà tí a kò lè ṣàì dúró lé lórí: pé kí ó kọ ìtàn kan tí yóò fi òtítọ́ òwe kan hàn. Ẹni tí ó bá ronú sí i yóò rí i pé ohun tí àwọn ìyá àgbà ń ṣe lójú òṣùpá ni ìgbìmọ̀ ìdánwò ń béèrè. Àlọ́ ìjàpá gbogbo ni ó ní ẹ̀kọ́ ní ìparí rẹ̀. Ọmọ tí ó mọ ogún nínú wọn mọ bí a ti ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn, bí a ti ń dẹ pàkúté sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ tí kì yóò mú títí di òpin, bí a ti ń jẹ́ kí ẹni búburú fi ẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Síbẹ̀ nínú kíláàsì, a máa ń rí ọmọ tí ó ń kọ ìtàn ọmọ olówó kan tí ó ṣubú nínú ìdánwò, bí ó ti kà á nínú ìwé àpẹẹrẹ, pẹ̀lú gbólóhùn kan náà tí àwọn ogójì mìíràn nínú yàrá náà ń kọ. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ gbìyànjú ohun mìíràn lè ní kí olúkúlùkù lọ gbọ́ àlọ́ kan nílé ní alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, kí ó sọ ọ́ ní Yorùbá ní ọjọ́ Ajé, kí ó tó fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Kò ná ilé-ìwé ní kọ́bọ̀ kan.

Ó ku ohun kan nípa Nelson, àwọn tí ó tẹ Royal Readers fún àwọn baba wa. Àwọn kan náà ni ó tún Ògbójú Ọdẹ tẹ̀ ní 1950. Ní 1968, ọdún márùn-ún lẹ́yìn ikú Fágúnwà, wọ́n tẹ ìtumọ̀ rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí ó túmọ̀ rẹ̀ ni Ṣóyínká, ọmọ Aké, ẹni tí ó gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìwé kíkọ ní 1986, tí ó jẹ́ ọmọ Áfríkà àkọ́kọ́ tí yóò gbà á.

Ẹgbẹ́ wa fẹ́ máa kó àwọn ìwé ìròhìn tí àwọn ọmọ ilé-ìwé kọ fúnra wọn jọ, àti ìwé àròkọ tí ó ní yíǹkì pupa olùkọ́ nínú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn wà nínú àpótí àwọn baba àti ìyá wa, lábẹ́ aṣọ, pẹ̀lú ìwé ìrìbọmi. A bẹ àwọn ará pé nígbà tí ẹ bá ń palẹ̀ ilé òkú mọ́, kí ẹ má ṣe sun wọ́n. Ẹ fi wọ́n ránṣẹ́ sí akọ̀wé wa, kí ẹ sì kọ orúkọ ilé-ìwé náà àti ọdún rẹ̀ sí ẹ̀yìn, bí ẹ bá mọ̀ ọ́n.